Ohun Tí Mo Gbọ́ Nídìí Ààrò Àwọn Ọdẹ Béárì

Ẹni tó bá san ohun tó lé ní 20,000 dọ́là kó tó lè yìnbọn pa béárì kan ṣoṣo, kì í ṣe ẹran ọbẹ̀ ló ń wá. Ó pẹ́ kí n tó lè la ẹnu sọ gbólóhùn yìí, torí pé nínú owó irú àwọn ọdẹ bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi dáná fún wọn ní Alaska, ní àgọ́ kan ní Alaska Peninsula, ìyẹn ilẹ̀ tóóró tó nà gbọọrọ wọ inú òkun lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà. Ẹni tó ń dáná kì í ṣe ọdẹ, kì í sì í ṣe ọ̀gá tó ń mú wọn wọ igbó, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹnu níwájú rẹ̀. Ohun tí ọdẹ ò jẹ́ sọ lójú ọ̀nà, ó máa ń sọ ọ́ lálẹ́ nídìí ààrò, nígbà tí ibọ̀sẹ̀ rẹ̀ bá ń gbẹ lórí okùn, tí àwo ọbẹ̀ gbígbóná sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ ọdẹ lèmi náà. Òkè-Ògùn ni wọ́n bí mi sí, ṣakabùlà bàbá mi sì wà lára àwọn ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ọ̀yà, ẹtu, ìgalà, ìwọ̀nyí ni bàbá mi ń pa. Bí ó bá ti gbé ẹran dé, ìyá mi ti mọ itan tó máa lọ sí agbo ilé àwọn ìyá àgbà, ó mọ èyí tí yóò yan láti tà lọ́jà, ó sì mọ èyí tí yóò wọ ìkòkò wa. Béárì ní tirẹ̀, inú Bíbélì nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n, nínú ìtàn Dáfídì tó pa kìnnìún àti béárì nítorí àgùntàn bàbá rẹ̀. Ológun ni ọkọ mi, iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé wa dé Anchorage. Ilé oúnjẹ ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ẹnìkan tó sọ fún mi pé àwọn tó ń mú ọdẹ wọ igbó ń wá alásè.

Kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé igbó aláìlófin ni. Grizzly, ìyẹn béárì ńlá àárín ilẹ̀, àti béárì ńlá etí òkun, ìran kan náà ni wọ́n. Èyí tó ń gbé nítòsí òkun ń jẹ ẹja salmon ní àjẹyó lọ́dọọdún, ìdí nìyẹn tó fi ń tóbi ju ti àárín ilẹ̀ lọ. Nǹkan bí 30,000 ló wà ní Alaska. Ará Amẹ́ríkà tó bá ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá kò lè dá lọ dọdẹ wọn, àfi kó gba ọ̀gá tó ní ìwé àṣẹ, tàbí kó ní ìbátan tímọ́tímọ́ tó jẹ́ ará ibẹ̀. Ẹni tó bá ti ilẹ̀ òkèèrè wá, dandan ni kó gba ọ̀gá. Lápá ibi tí àgọ́ wa wà, bí wọ́n bá dọdẹ béárì nígbà ìwọ́wé ọdún kan, ó di ìgbà ìrúwé ọdún tó tẹ̀lé e, wọn á sì tún sinmi títí di ìwọ́wé ọdún kejì, kí ẹran lè mí. Ọdẹ kan, béárì kan, láàárín ọdún mẹ́rin. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá gbé ọ dé lónìí, o kò gbọdọ̀ yìnbọn títí di ọ̀la, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wo ẹran látojú ọ̀run kó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ pa á. Abo tó ní ọmọ lẹ́yìn, èèwọ̀ ni. Ọmọ náà, èèwọ̀ ni. Awọ àti agbárí gbọ́dọ̀ délé. Òṣìṣẹ́ ìjọba á wọn agbárí, á yọ eyín kékeré kan láti fi mọ ọjọ́ orí ẹran náà, á sì fi èdìdì sí awọ.

Gbogbo èyí dára, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ṣe òfin wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ẹran ara béárì náà, òfin ò fi dandan lé e pé kí ọdẹ àlejò gbé e kúrò nínú igbó. Ní àgọ́ tiwa, ibi tí wọ́n bá ti bó o náà ló máa ń wà, fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, fún idì, fún béárì mìíràn.

Ó jẹ́ àṣà mi láti bi àwọn ọdẹ léèrè ìdí tí wọ́n fi wá. Lálẹ́ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ àbò ẹranko ni wọ́n máa ń bá mi sọ. Wọ́n á ní owó àwọn ọdẹ ló ń tọ́jú igbó, wọn ò sì purọ́: láti 1937 ni òfin kan ti wà ní Amẹ́ríkà tó ń gba owó orí lórí ìbọn àti ọta, ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìbọn gígùn àti ọta, owó náà sì ń lọ sọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀ fún ìtọ́jú ẹran ìgbẹ́. Wọ́n á tún ní akọ béárì tó ti dàgbà a máa pa ọmọ béárì, nítorí náà ẹni tó bá pa irú akọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí àwọn ọmọ ló gbà là. Mo gba èyí gbọ́ pátápátá, èmi náà a sì máa fi ṣàlàyé fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ran ọ̀gá wa lọ́wọ́, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì, ló sọ fún mi nípa ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Sweden, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997. Bí wọ́n bá pa akọ tó ni àdúgbò, akọ àjèjì ni yóò wọlé, àjèjì náà ni yóò sì pa àwọn ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ìyá wọn lè tètè gbà á. Ohun tí wọ́n rí ní Sweden lè má rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo igbó ayé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, n kò gbà fún ẹnikẹ́ni mọ́ kó fi ikú akọ béárì ṣe ìtọrẹ àánú níwájú mi.

Tó bá di alẹ́ kẹta tàbí ìkẹrin, tí òjò ti pa wọ́n títí, tí béárì ò sì tíì yọjú, ìgbà yẹn ni ìdí tòótọ́ máa ń jáde. Ẹnìkan wà tí bàbá rẹ̀ ti ń ya àwòrán béárì sórí bébà láti ìgbà èwe, tó ń fowó pamọ́ fún ìrìnàjò náà, tí ikú sì mú un kó tó lọ. Ọmọ ló wá san ẹ̀jẹ́ bàbá. Ẹnìkan ti pa ẹfọ̀n àti kìnnìún ní ilẹ̀ Áfíríkà, ògiri ilé rẹ̀ ló sì ń bá mi sọ̀rọ̀ lé lórí, ibi tí béárì yóò wà, ibi tí iná yóò ti máa tàn sí i lára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìwọ̀n ló wà lọ́kàn wọn. Wọ́n máa ń tẹ́ awọ sílẹ̀, wọ́n á wọn ọ́n láti imú dé ìrù, wọ́n á wọn ọ́n láti èékánná ọ̀tún dé èékánná òsì, wọ́n á pa méjèèjì pọ̀, wọ́n á sì pín in sí méjì. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni wọ́n ń lá àlá rẹ̀. Ẹgbẹ́ Boone and Crockett, tí Theodore Roosevelt wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1887, ní ìwé àkọsílẹ̀ kan: bí àpapọ̀ gígùn agbárí béárì etí òkun àti fífẹ̀ rẹ̀ bá pé ínǹṣì 28, orúkọ ọdẹ náà lè wọ inú rẹ̀. Mo ti rí ọkùnrin tó ju 60 ọdún lọ, tó ní ọmọ, tó ní ọmọ ọmọ, tí inú rẹ̀ bàjẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ nítorí pé agbárí ẹran rẹ̀ fi díẹ̀ dín.

Ẹnìkan ṣoṣo ni ìdáhùn rẹ̀ ṣì ń bá mi jà títí dòní. Ó ní òun fẹ́ wà níbi tí òun kì í ti í ṣe olúwa, níbi tí ohun mìíràn wà tó lè pa òun jẹ. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, torí mo mọ̀ ọ́n. Bí bàbá mi bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹfọ̀n, bí ohùn rẹ̀ ṣe máa ń yí padà nìyẹn. Mo wá sọ fún ọkùnrin náà nípa odò McNeil, tí kò jìnnà sí wa púpọ̀, ibi tí ìjọba Alaska ti fi òfin dáàbò bo àwọn béárì láti 1967. Ẹnikẹ́ni kì í dọdẹ níbẹ̀. Tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń ta kí wọ́n tó mọ ìwọ̀nba èèyàn tó máa lọ jókòó sí ìtòsí ìṣàn omi, tí béárì ń kọjá níwájú wọn láìka wọ́n sí. Mo ní, “Ẹ ò ṣe lọ síbẹ̀?” Ó ronú dáadáa kó tó dá mi lóhùn. Ó ní níbẹ̀, òǹwòran ni òun máa jẹ́. Ó ní ìbọn ló ń jẹ́ kí òun wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Mo rò ó títí, ibi tí mo sì dé ni pé ìbọn náà gan-an ló sọ ọ́ di olúwa padà. Ohun tó ní òun ń sá fún ló gbé dání wá.

Ìgbà ìrúwé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan kedere. Bí béárì bá jáde nínú ihò tó sùn sí láti ìgbà òtútù, ara a máa yún un, á máa fi ara ha igi àti òkúta, irun ẹ̀yìn rẹ̀ á sì re níbi tó fi ha. Mo ń gbọ́ bí ọ̀gá wa àti ọdẹ ṣe ń jíròrò lójoojúmọ́: wọ́n rí akọ ńlá kan, ó tó pa lójú òfin, ó wà níbi tó dára, ṣùgbọ́n irun ti re ní ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ ó máa lọ. Òmíràn tí irun rẹ̀ pé, òun ni wọ́n pa. Irun ìdí ló yọ ẹran kan nínú ikú. Bàbá mi náà máa ń jẹ́ kí ẹran kọjá. Ó jẹ́ kí ẹtu kọjá nítorí pé ọyàn rẹ̀ wú. Mo mọ̀ pé ẹran tí ọdẹ fi sílẹ̀ lè sọ irú ẹni tí ọdẹ náà jẹ́ fún mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí èyí ju ẹran tí wọ́n pa lọ.

Mo ní láti sọ ti alẹ́ ọjọ́ tí ọ̀kan fara gbọgbẹ́. Ọdẹ náà kì í ṣe ọ̀dájú. Onísùúrù èèyàn ni, ó máa ń bá mi fọ àwo. Ìmọ́lẹ̀ ti ń lọ, òjò ń rọ̀, béárì náà sì ń lọ létí odò. Ọ̀gá wa sọ fún un pé kó dúró títí yóò fi yí ìhà sí wọn. Kò dúró. Bó ṣe yìnbọn ni ẹran náà ń yí padà, ọta bà á lápá ẹ̀yìn, ó ké, ó sì wọ inú igbó alder lọ. Ẹni tí kò bá rí igbó yẹn rí kò lè mọ ohun tí mò ń wí: igi rẹ̀ ò ga, àmọ́ ẹ̀ka rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn débi pé èèyàn ò lè rí ohun tó wà ní ìgbésẹ̀ márùn-ún síwájú rẹ̀. Ọ̀gá wa ní a ò ní wọ ibẹ̀ lóru.

Ọdẹ náà ò sùn. Gbogbo ìgbà ni mo ń gbọ́ ọ tó ń yí lórí ibùsùn. Nígbà tí mo dìde láti dáná tíì, ó ti jókòó sídìí ààrò nínú òkùnkùn, ó sì sọ fún mi pé òun ò fẹ́ kó jìyà. Ó tún un sọ. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n béárì náà wà níta nínú òjò, ọta ní ìbàdí, ohun tí ọkùnrin yìí fẹ́ tàbí tí kò fẹ́ kò sì lè dín ìrora rẹ̀ kù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá wa sọ fún un pé kó dúró sí àgọ́. Ó gbà. Ọ̀gá àti ọ̀dọ́mọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ló wọ inú igbó, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lórí ewé àti ìró omi tí kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nǹkan mìíràn. Ìyá kan wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn tí kò mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òun ni mò ń rò títí mo fi gbọ́ ìbọn. Béárì náà ti sáré bọ̀ kí wọ́n tó yìnbọn, ó sì kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Wọ́n gbé awọ dé. Ọdẹ náà wá ojú ibi tí ọta tirẹ̀ wọlé sí, ó fi ìka kàn án, ó sì ní kí wọ́n ya òun ní fọ́tò pẹ̀lú orí ẹran náà. Ó rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Ọ̀gá wa sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọta àkọ́kọ́ ni ti oníbàárà, gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ di ti òun. Ní erékùṣù Kodiak, béárì tí ọdẹ bá ta lọ́gbẹ́ ti di tirẹ̀ lójú òfin, ó sì ti jẹ ìpín rẹ̀ tán, bó rí i o, bí kò rí i o. Òfin yẹn tọ́ lójú mi. Ì bá wù mí kó wà níbi gbogbo, kí ìkánjú lè ní iye tó ń náni.

Bàbá mi ṣì wà láyé nígbà náà. Mo pè é lórí fóònù, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Kò béèrè bí béárì náà ṣe tóbi tó. Ó ní, “Ta ló wá jẹ ẹran náà?” Mo ní, “Bàbá, wọn kì í jẹ ẹ́. Awọ ni wọ́n ń mú lọ.” Ó ní, “Gbogbo rẹ̀?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Ó ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ ń kó gbèsè jọ. Bàbá mi, bó bá pa ẹfọ̀n, kì í wọ ilé tààrà; ó ní ètùtù tó máa ń ṣe kó tó kọjá ẹnu ọ̀nà ìlú, ó sì máa ń ki ẹran náà ní oríkì rẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kàn án. Lójú rẹ̀, ẹni tó bá pa ẹran tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ti jẹ ẹ́ ní nǹkan kan, ohun tó jẹ ẹ́ náà ò sì tán níbi owó tó san fún ìjọba.

Mo ti bá ọkùnrin ará Yup’ik kan sọ̀rọ̀, láti àwọn abúlé tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn wa, tó ń pa béárì jẹ bí àwọn bàbá rẹ̀ ti ṣe. Òfin tirẹ̀ yàtọ̀. Dandan ni kó gbé ẹran rẹ̀ délé. Bó bá fẹ́ mú awọ jáde kúrò ní àgbègbè náà, òṣìṣẹ́ ìjọba yóò gé awọ orí àti èékánná iwájú kúrò, kó má baà ṣe é fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ara ògiri. Nígbà tó sọ èyí fún mi, mo ní kó tún un sọ. Bí ìjọba bá ti yọ orí àti èékánná, ohun tó kù ni ẹran, ọ̀rá, àti awọ tó móoru. Mo bi ara mi léèrè iye àwọn tí mo ti dáná fún tí yóò ṣì wá bó bá jẹ́ pé ohun tó kù yẹn nìkan ni wọ́n lè mú lọ. Ọkùnrin náà ní agbárí kì í tiẹ̀ wọ ilé àwọn. Inú igbó ni àwọn ń fi í sí nítorí ọ̀wọ̀. Ó ní èèyàn kì í fi béárì fọ́nnu, torí pé béárì ń gbọ́.

Ọdẹ àlejò kan náà gbé ẹran wálé lójú mi. Béárì ìgbà ìrúwé ló pa, ó sì taku pé òun máa gbé ẹran rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ru ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálé. Mo sè é pẹ́, torí pé kòkòrò kan wà nínú ẹran béárì tó lè wọ èèyàn lára bí kò bá jinná dénú. Mo fi àlùbọ́sà àti ata gbígbẹ tí mo gbé láti Anchorage sí i. Gbogbo àgọ́ jẹ ẹ́. Ẹran béárì tó ti jẹ ẹja salmon yó nígbà ìwọ́wé lè máa rùn, mi ò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ, àmọ́ èyí kò rùn. Ọkùnrin náà ò wọn awọ títí a fi tú àgọ́ ká.

Èmi kì í ṣe ọ̀kan lára àwọn tó gbà pé bí wọ́n bá ti lé ọdẹ kúrò, béárì ti bọ́. Ní British Columbia, ní Kánádà, níbi tí wọ́n ti máa ń pa nǹkan bí 250 lọ́dún tẹ́lẹ̀, ìlú àwọn ọmọ ìbílẹ̀ etí òkun ló kọ́kọ́ kéde ní 2012 pé àwọn ò fẹ́ kí wọ́n máa pa béárì fún ẹ̀ṣọ́ lórí ilẹ̀ àwọn mọ́. Ní oṣù Kejìlá 2017, ìjọba ibẹ̀ fi òfin dá ìdọdẹ grizzly dúró fún gbogbo ènìyàn àfi àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ ọkọ̀ àti rélùwéè ṣì ń pa béárì níbẹ̀. Ní Wyoming, ní 2018, ènìyàn tó lé ní 7,000 ló forúkọ sílẹ̀ láti gba àyè pa béárì tí kò ju 22 lọ. Thomas Mangelsen, ayàwòrán ẹranko, wà lára àwọn tí tẹ́tẹ́ mú, ó sì ní kámẹ́rà ni òun máa gbé lọ. Adájọ́ dá ìdọdẹ náà dúró kó tó bẹ̀rẹ̀. Béárì tó lókìkí jù lápá ibẹ̀, abo tí wọ́n ń pè ní 399, kò kú lọ́wọ́ ọdẹ. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló gbá a pa ní oṣù Kẹwàá 2024, lẹ́ni ọdún 28. Nígbà ìrúwé 2023, ìjọba Alaska fúnra rẹ̀ fi hẹlikópítà pa béárì ńlá 94 àti béárì dúdú márùn-ún, láti dáàbò bo agbo caribou Mulchatna, ẹran tó jọ ìgalà, tó ń dín kù. Àwọn òṣìṣẹ́ tó gun hẹlikópítà náà kò wá ògo, wọn ò wá ìwọ̀n, iṣẹ́ ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe. Síbẹ̀ ọ̀gá wa, tó ti mú ọdẹ pa béárì láìmọye, bínú débi pé kò lè jẹun. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ọdẹ rárá. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, ìbínú rẹ̀ sì jẹ́ kí n rí i pé ohun kan wà nínú ọkùnrin náà tí owó oníbàárà ò tíì rà.

Òun ni mo kọ́kọ́ sọ ìpinnu mi fún. Èmi náà ti gba ìwé àṣẹ ọdẹ, gẹ́gẹ́ bí ará Alaska. Moose ni mò ń pa, ẹran tó jọ ìgalà ṣùgbọ́n tó ga ju ẹṣin lọ, ìdílé mi sì ń jẹ ọ̀kan fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo bá ọ̀gá mi jókòó nígbà tí a ń di ẹrù. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ ti ṣe mí lóore, àmọ́ mi ò ní dáná ní àgọ́ béárì mọ́, àfi bí ẹ bá fi sínú àdéhùn pé ẹran ara rẹ̀ á máa wálé.” Ó ní òfin kò fi dandan lé e, oníbàárà kò sì ní gbà láti san owó ọkọ̀ òfuurufú lórí ẹran tí kò fẹ́. Mo ní mo mọ̀. Ó ní ta lòun máa rí tó mọ iṣẹ́ tó mi. Mo fún un ní orúkọ obìnrin kan tó ń sè ní ilé oúnjẹ tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, mo sì sọ fún obìnrin náà, kó tó gbà, ohun gbogbo tí mo sọ síbí yìí. Ó gba iṣẹ́ náà. Àgọ́ moose ni mo wà báyìí, lápá òkè odò, pẹ̀lú ọ̀gá kan náà.